Yàrá Àdúrà Ìyàwó Wa

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Àwọn mìíràn ti ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì gbàgbé ẹnì kan nínú wọn, ṣùgbọ́n òun ló ṣíde. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń bo àṣírí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ayé tó, ojú rẹ̀ sì ti wà nínú tẹlifíṣọ̀n tó, mi ò ní fi ẹnu tèmi kún un. Nínú ilé wa, ìyàwó là ń pè é. Èmi ni ìyálé.

Ọwọ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó dé Àbújá láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, kóòtù dúdú tó wọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Apá kóòtù náà gùn débi pé ó ní láti ká a sókè kó tó lè kọ̀wé. Mo ní yàrá méjì ní Durumi nígbà náà, lókè ilé ẹni tó ń ta oògùn òyìnbó, mo sì ti ń rojọ́ níwájú àwọn adájọ́ tí kò fẹ́ rí obìnrin sójú. Mo fún un ní tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èyí tí atẹ́gùn ti ń wọlé dáadáa. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹrí ba fún adájọ́ láì dà bí ẹni tó ń tọrọ jẹ. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró níwájú káńtà ọlọ́pàá láì fara tì í. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí ọlọ́pàá bá yàn fún un.

"Mú un jáde sábẹ́ igi," mo wí fún un. "Bí kò bá sí igi, kí ẹ dúró sínú oòrùn."

"Òfin ṣáà ní ọ̀rọ̀ àwa àti oníbàárà wa ò gbọdọ̀ dé etí ẹlòmíì, mà."

"Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ògiri ò ka òfin."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un sọ lábẹ́ ẹnu bí ọmọ tó ń há àkọ́sórí.

Ọ́fíìsì mi náà ni àbúrò ọkọ mi ti rí i. Ó wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ò ní pẹ́, ó sì jókòó títí a fi ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí mi lemọ́lemọ́, ẹni tí kì í yọjú sí mi nígbà ọdún. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọmọbìnrin náà, ará Ẹ̀kìtì sì ni wá; àwọn kan nínú ẹbí ń kùn. Èmi ni mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ní ọmọ dáadáa ni. Ẹnu mi yìí náà ni.

Kò pẹ́ tó wọlé tí ìyá ọkọ mi fi wá láti ilé. Ojú ń dùn ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Gwarinpa kí àwọn dókítà lè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún un. Èmi ni mo ń kán oògùn sí i lójú. Bí mo bá sì ti ń nu ara rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó máa ń béèrè ni pé, "Ìyàwó mi kékeré ńkọ́?" Ìyàwó kékeré á dé nírọ̀lẹ́, tòun ti lọ́fínńdà lára, á jókòó, á di ọwọ́ màmá mú. Màmá ò rí ojú rẹ̀. Ibi tí òórùn lọ́fínńdà yẹn ti ń wá ni yóò kọjú sí, yóò máa rẹ́rìn-ín. Èmi tí ọwọ́ mi ń rùn ọṣẹ àti oògùn, màá gbé omi ìwẹ̀ jáde lọ dà nù.

Ọkọ mi náà ńkọ́? Ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí ó fi di ọ̀gá, ó sì ń jẹ iyán mi láti ìgbà tí a ti wà nínú yàrá kan ṣoṣo. N ò gbọ́ kó sọ pé ó dùn rí. Ìyàwó gbé ìkọ́kọrẹ́ wá lọ́jọ́ Àìkú kan, ewùrà tí wọ́n rin tí wọ́n sì fi ẹja sè bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń sè é. Ọkọ mi, tí ìyàwó ń pè ní Dádì, jẹ ẹ́ tán, ó lá ṣíbí, ó wá yíjú sí mi.

"Ìyá Ìbejì, o ò ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe eléyìí?"

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Àìkú tí abọ́ ìyàwó kì í wọ ilé mi.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fi jù ú lọ láàárín ẹbí, èdè wa ni. Kò lè sọ Ẹ̀kìtì. Bó bá gbìyànjú, gbogbo wa á máa rẹ́rìn-ín, tèmi ló sì máa ń ròkè jù. Nígbà tó yá, kò gbìyànjú mọ́. Á kàn jókòó láàárín wa, á máa wo ẹnu wa, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó fi ọ́fíìsì mi sílẹ̀ lọ síṣẹ́ ìjọba, ó sì gòkè kíákíá. Mo kọ̀wé béèrè fún oyè àgbà lọ́yà, wọn ò fún mi. Mo tún kọ, wọn ò dáhùn. Òun ò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, wọ́n fi í ṣe olórí iléeṣẹ́ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìjọba, iléeṣẹ́ tó ní àwọn agbébọn tirẹ̀ àti àtìmọ́lé tirẹ̀. Ọjọ́ tó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dé ibi ìjókòó mi níwájú, níbi tí mo ti ń jókòó láti ìgbà tí ilé ìsìn náà kò tíì ní òrùlé. Ọkùnrin tó ń fi èèyàn sí ìjókòó wá bá mi.

"Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa sún sẹ́yìn. Ìjókòó ọ̀gá nìyí."

"Ọ̀gá wo?"

"Ìyàwó yín, mà."

Mo sún sẹ́yìn. Ẹ̀yìn gèlè rẹ̀ ni mo ń wò títí ìsìn fi parí. Nílé, bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi á ní kí n má ṣe ariwo abọ́, ìyàwó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ní mò ń jowú. Mò ń jowú. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n máa ṣe. Ọ́fíìsì mi ṣì wà lókè ilé olóògùn.

Bí ìdìbò ṣe ń súnmọ́lé ni ọkùnrin kan wá bá mi ní Durumi. Ọmọ ìlú wa ni, ó ti ṣe kọmíṣọ́nnà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí oyè sílẹ̀, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ kejì. Kò tíì rí àyè yọ àwòrán àwọn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kúrò lára ògiri ilé rẹ̀ tí ìwé ìpè fi dé láti iléeṣẹ́ ìyàwó. Wọ́n ní nígbà tó wà nípò, ó fọwọ́ sí i kí wọ́n fi ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn fún ẹnì kan tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Òótọ́ ni, ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n gómìnà ìgbà náà ló pàṣẹ, gómìnà náà sì ti di àyànfẹ́ àwọn tó ń ṣèjọba ní Àbújá báyìí. Kò sí ẹni tó kọ̀wé pe gómìnà.

"Mọ̀mí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ro ẹjọ́ yìí," ó wí.

"Lọ́yà pọ̀ ní Àbújá. Àwọn tó ní oyè àgbà ń bẹ."

"Mo mọ̀ wọ́n, mà. Ṣùgbọ́n ìyàwó yín ló wà níbẹ̀."

"Nítorí rẹ̀ lo ṣe wá bá mi?"

"Kì í ṣe nítorí rẹ̀ nìkan."

"Kí ni ìkejì?"

Ó wo fáànù òkè títí. "Ẹ̀yin náà ṣáà mọ òfin."

Mo gbà á, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gún mi tó. Mo fẹ́ kí èmi àti ìyàwó pàdé níwájú adájọ́, kí n sì borí rẹ̀ níbi tí ọkọ mi á ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Mo sì rí ọ̀nà tí mo fi lè borí. Nígbà tí gómìnà ń pàṣẹ náà, ẹlòmíì wà nínú yàrá, akọ̀wé kọmíṣọ́nnà, bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Bí bàbá yìí bá lè dé iwájú adájọ́ kó sọ ohun tó gbọ́, ẹjọ́ ti tán. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìyàwó bá sì kọ́kọ́ rí i, wọ́n á dẹ́rù bà á títí á fi gbàgbé. Ọkùnrin náà ti gbé e pamọ́ síbì kan. Kò tíì sọ ibẹ̀ fún èmi pàápàá.

Mo bá a lọ lọ́jọ́ tó lọ dáhùn ìpè. Wọ́n bi í ní ìbéèrè títí di ọ̀sán, wọ́n wá ní kò ní lọ sílé. Mo ní mo fẹ́ bá oníbàárà mi sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ kan ṣí yàrá kan fún wa, mo mi orí. Igi dongóyárò ńlá kan wà nínú ọgbà wọn, abẹ́ rẹ̀ ni mo ń mú un lọ pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ ọ tí ìyàwó fi sọ̀kalẹ̀ wá.

Ó kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ lórí táìlì, pẹ̀lú kóòtù olówó iyebíye lọ́rùn rẹ̀, níwájú àwọn tó ń gbé ìbọn fún un.

"Ẹ káàsán mà, Mọ̀mí."

Ọkùnrin Haúsá tó wà lẹ́nu ọ̀nà bọ́ fìlà rẹ̀. "Kai. Mama, sànnu," ó wí, ó sì tẹrí ba fún mi. Kò sí adájọ́ tó bọlá fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Oòrùn ti le jù, mà," ìyàwó wí láti ilẹ̀. "Ẹ má lọ dúró síta."

"Ibi tí mo kọ́ ẹ pé kí o máa lọ ni mò ń lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ń dùn yín, Dádì sọ fún mi. Ẹ lo yàrá àdúrà mi. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì mi ló wà. Kò sí ẹni tó ń wọ ibẹ̀ àfi èmi."

"Etí ńkọ́?"

"Mọ̀mí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà yìí. Kò sí etí kankan níbẹ̀."

Bó bá jẹ́ ọ̀gá mìíràn, màá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, bí kò bá sì kọ ọ́, màá gba abẹ́ igi lọ. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó ilé wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ìyálé rẹ̀, kí ìyálé wá ní kó lọ mú bírò wá? Níbi tí a ti wá, ìkúnlẹ̀ ni ìwé. Ẹni tó bá béèrè èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ti pe onítọ̀hún ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Dìde, ó tó."

Yàrá kékeré ni, kápẹ́ẹ̀tì pupa, àga méjì, ìgò òróró, ẹ̀rọ amúlétutù tó tutù bí inú fíríìjì. Ẹni tó ń ṣọ́ ọkùnrin náà dúró sí ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀ mo fi ìṣọ́ra kún un: Ẹ̀kìtì ni a sọ, Ẹ̀kìtì ìlú wa tó jinlẹ̀, ohùn wa sì wà nílẹ̀. Ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọkùnrin náà nítorí àtìmọ́lé tó ń lọ. Ó ní bí nǹkan kan bá ṣe òun, ó yẹ kí ẹnì kan mọ̀. Ó ní bàbá náà wà ní Kabusa, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, nínú ilé alájà kan tí wọn ò tíì parí, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Mo ní ó tó, kó má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi àti òun jáde. Ìyàwó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fún mi ní ike omi tútù, ó ní kí n kí Dádì.

Ọ̀sẹ̀ ò tíì parí tí wọ́n fi lọ gbé bàbá náà. Ọmọ rẹ̀ ló sọ fún wa pé ìta ló jókòó sí, ó ń bá òun ṣa ẹ̀gúsí. Ó ní àwọn tó wá ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọjá àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n yà sí ẹ̀yìn, wọ́n dúró níwájú ilé alájà tí wọn ò tíì parí. Kó tó dìrọ̀lẹ́, bàbá ti sọ ohun mìíràn fún wọn. Ó ní gómìnà ò sọ nǹkan kan, kọmíṣọ́nnà ló dá a ṣe.

Nígbà tí adájọ́ fún ọkùnrin náà ní béèlì, Durumi ló kọ́kọ́ wá, kò tíì dé ilé rẹ̀. Kò jókòó.

"Mọ̀mí, àwa mélòó la wà nínú yàrá yẹn?"

"Èmi àti ìwọ."

"Èmi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi gan-an ò mọ̀."

"Ohun tí o ń rò yẹn, mi ò ṣe é rí láti ìgbà tí mo ti di lọ́yà."

"Ẹ ò ṣe é rí fún ẹlòmíì. Ẹlòmíì ò ṣe ìyàwó yín." Ó kó àwọn ìwé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì mi, ó sì ń tò wọ́n jẹ́jẹ́. "Ó kúnlẹ̀ fún yín, ẹ̀yin náà sì sanwó ìkúnlẹ̀."

Mo jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tó lọ, mo sì rò ó bí lọ́yà ṣe ń rò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ yẹn, ọmọ Kano ni, ọmọ Benue ni, ọmọ Ìbò ni. Bí ọgọ́rùn-ún etí bá lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá yẹn, ariwo lásán ni wọ́n á gbọ́, nítorí Ẹ̀kìtì là ń sọ. Etí kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà tó ti ń jókòó láàárín wa láti ọdún pípẹ́, tó ń wo ẹnu wa, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wá rántí ìsìnkú ìyá ọkọ mi. Bàbá àgbà kan ń pa àlọ́ gígùn kan ní Ẹ̀kìtì, èyí tí àwa gan-an ní láti fi etí sílẹ̀ gbọ́. Ìyàwó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń fi ìwà ọmọlúàbí rẹ́rìn-ín ni nígbà náà.

Mo ti bá àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ tí mi ò lè bá jẹun. Ọ̀kan wà nígbà àwọn ológun, ó máa ń bú mi níwájú oníbàárà mi, ó ní kí n lọ wá ọkọ. Ṣùgbọ́n bó bá ní, "Madam, mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yín," ó máa rìn lọ sẹ́nu géètì, á dúró sí ibi tí ojú mi ti lè tó o, á kọ ẹ̀yìn sí wa títí a fi máa parí. Òun ò kúnlẹ̀ fún mi rí.

Mo pe ìyàwó lórí fóònù. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má bínú, mi ò lè sọ̀rọ̀ ìwádìí lórí fóònù." Mo lọ sí iléeṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó wà ní ìpàdé. Ọkùnrin Haúsá ẹnu ọ̀nà ò bọ́ fìlà lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà ti tàn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ń ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Gwarinpa. Bí mo ṣe wọlé ni ọkùnrin kan tí mo ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ rí sọ ọ́ síta gbangba.

"Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ o. Lọ́yà ìjọba ti dé."

"Ká kúkú máa fi ọwọ́ júwe," ìkejì dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń nu ojú rẹ̀. Kí ni mo lè sọ? Òfin gba lọ́yà láyè kó la ẹnu bí oníbàárà rẹ̀ bá fi ẹ̀sùn kàn án, ṣùgbọ́n ìpàdé ọmọ ìlú kì í ṣe ilé ẹjọ́. Bí mo bá dìde láti ṣàlàyé, ohun tí ọkùnrin náà sọ fún mi nínú yàrá ni màá máa sọ fún gbogbo wọn, màá sì di ẹni tí wọ́n ń pè mí gan-an. Mo jókòó, mo san owó ẹgbẹ́ mi, mo lọ sílé. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ ọmọ ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé wọn lọ. Gbogbo wọn ló ní àwọn fẹ́ sinmi ẹjọ́. Mo pàdé wọn lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà mìíràn.

Gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu ìyàwó ló lè wẹ̀ mí mọ́. Mo gbé e lọ bá ọkọ mi.

"Bá mi sọ fún un kó pe ọkùnrin náà. Kó sáà sọ pé kì í ṣe èmi."

"Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ ìjọba ni ìyàwó ń ṣe."

"Iṣẹ́ ìjọba ni pé kó kúnlẹ̀ parọ́?"

"Ta ló ní ó parọ́?"

"Èmi."

"O ti ń bínú sí i tipẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ò ní kó má parọ́."

Ó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Lọ́yà tuntun tí ọkùnrin náà gbà wá bá mi. Ó ní bí mo bá lè búra sínú ìwé pé olórí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló fún wa ní yàrá, tó sì ṣèlérí pé kò sí etí níbẹ̀, àwọn lè bẹ adájọ́ kó da ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lẹ́nu bàbá náà nù. Ọkùnrin náà ti fọwọ́ sí i pé kí n sọ ọ́. Ọkọ mi bẹ̀ mí. Àbúrò rẹ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì mi, ó ní aṣọ ìdọ̀tí ilé kì í ṣe ohun à ń sá sójúde. Mo ní kó dìde. Mo lọ búra. Èmi tí ẹsẹ̀ ń dùn, mo gun àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ láì di nǹkan kan mú. Mo ń wo ojú ìyàwó lọ́kàn mi, bí yóò ṣe rí nígbà tí wọ́n bá ka ìwé náà sókè níwájú àwọn oníròyìn, mo sì mọ aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Wọn ò kà á. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ku díẹ̀ nígbà tí mo rí ọkùnrin náà nínú ìròyìn, ìgbálẹ̀ tuntun ni wọ́n fi ń gbá iwájú ilé rẹ̀, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sì ń fà á mọ́ra. Ó ti padà sílé. Lẹ́yìn náà, agbẹjọ́rò ìjọba dìde níwájú adájọ́, ó ní ìjọba ò ṣe ẹjọ́ mọ́. Adájọ́ ní ó dára. Wọ́n ti dá bàbá akọ̀wé sílẹ̀ tipẹ́, ó ti padà sí Kabusa. Ọmọ rẹ̀ ní kì í jókòó síta mọ́.

Ọkùnrin náà wá ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyàwó dìde kí i láti ìjókòó iwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ rẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà dárí jì í. Ẹni tó gbé e tì mọ́lé, ó dárí jì í. Ó kọjá lára mi bó ṣe ń jó padà sẹ́yìn, ó sì gbé ojú sókè sí òrùlé.

Ọjọ́ Àìkú náà ni ìyàwó gbé abọ́ rẹ̀ wá bó ṣe máa ń ṣe. Ọkọ mi wà nínú yàrá, ó ń pààrọ̀ aṣọ. Mo pàdé rẹ̀ nílé ìdáná.

"Jókòó, ìyàwó."

"Ìdúró yìí náà dára, mà."

"Pe ọkùnrin yẹn. Ẹjọ́ ti tán, kò sí ohun tó tún lè bà jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Sọ fún un pé kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ Kabusa."

"Ẹjọ́ tó ti tán, mà. Kí la tún fẹ́ máa gbé e dìde fún?"

"Orúkọ mi ò tíì tán."

Ó gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ṣí i díẹ̀ kí èéfín lè jáde. "Bí mo bá ní kì í ṣe ẹ̀yin, á bi mí pé ta ni. Èmi náà ò lè dáhùn ìyẹn."

"Nítorí pé ìwọ ni."

Kò sọ pé òun kọ́. Ó ń nu etí abọ́ náà pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ mi, ó sì nù ún mọ́ tónítóní. N ò rí ìtìjú lójú rẹ̀. Bí mo bá rí i, bóyá inú mi ì bá rọ̀. Ojú ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni mo rí, ojú tí mo ti ń fẹ́ ní láti ìgbà tí mo ti wọ aṣọ lọ́yà.

"O kúnlẹ̀ fún mi," mo wí. "Níwájú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ, o kúnlẹ̀."

Ó ká aṣọ ìnuwọ́ náà, ó fi í kọ́ ibi tó ti mú un.

"Ìyàwó yín ló kúnlẹ̀ fún yín, mà," ó wí. "Ọ̀gá iléeṣẹ́ ò kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé oúnjẹ Dádì wọlé kó tó tutù."